Ẹ̀dà Tuntun Ti Dé: Bí A Ṣe Lè Fi Aṣàwákiri Kan Wé Òmíràn

Nígbàkúùgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe aṣàwákiri, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí bíráúsà, bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń gbòde: ṣé Chrome ló dára jù ni, àbí Firefox, àbí Safari, àbí Edge? Ìdáhùn tí àwọn tó béèrè sì sábà máa ń rí gbà ni pé ẹ̀dà tuntun yìí yára ju ti àtijọ́ lọ, ó sì yára ju ti àwọn tó ń bá a díje lọ. Ọ̀rọ̀ ìyára yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n òun gan-an ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú, nítorí pé ibẹ̀ kọ́ ni ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà. Ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀ ni ẹ́ńjìnì tó wà nínú aṣàwákiri náà. Lẹ́yìn náà ni kí á wá béèrè ẹni tó ni ín àti ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá. Bí a bá mọ ìwọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú ariwo tó máa ń tẹ̀lé ẹ̀dà tuntun ni a ó lè gbọ́ láìjẹ́ pé ó kó ìdààmú bá wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, nítorí pé òun ló máa ń tètè ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni Firefox 1.0 jáde, oṣù Kẹta ọdún 2011 ni Firefox 4 sì tó dé, ìyẹn ni pé ó gbà ju ọdún 6 lọ kí nọ́ńbà náà tó kúrò ní 1 kó tó dé 4. Ṣùgbọ́n Chrome, tí Google gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ti mú àṣà mìíràn wọlé: ẹ̀dà tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà ohun ńlá wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Láti orí Firefox 5, ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, ni Mozilla, tó ń ṣe Firefox, náà ti bọ́ sí ọ̀nà yìí, ó sì ń gbé ẹ̀dà jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà nígbà náà. Nígbà tó di ọdún 2021, Chrome ti dín àkókò náà kù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí Chrome 100 ṣe jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni Firefox 100 tẹ̀lé e ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, kì í sì í ṣe pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ nítorí bẹ́ẹ̀. Ní ti Safari, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni nọ́ńbà ńlá rẹ̀ sábà máa ń yí. Ní ọdún 2025 ó fò láti 18 sí 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kìkì nítorí pé Apple fẹ́ kí nọ́ńbà gbogbo ètò rẹ̀ bá ọdún tó tẹ̀lé e, 2026, mu. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Chrome gbọ́dọ̀ dára ju Safari lọ nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù ń fi ohun tí kò jọra wéra.

Nọ́ńbà náà tiẹ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀ rí fúnra rẹ̀. Nígbà tí Opera fẹ́ dé orí ẹ̀dà 10, àwọn tó ṣe é rí i pé àwọn ìkànnì kan máa ń ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan, tí wọ́n á sì rò pé ẹ̀dà 1 ni. Nítorí èyí, Opera 10 ní láti máa pe ara rẹ̀ ní 9.80 bó bá ń bá àwọn ìkànnì sọ̀rọ̀. Irú ìbẹ̀rù kan náà ló mú kí àwọn oníṣẹ́ Chrome àti Firefox ṣe ìdánwò fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó wọ ẹ̀dà 100.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ló kàn, òun ni mo sì fẹ́ kí á fara balẹ̀ lé lórí. Nígbà tí ẹ bá tẹ àdírẹ́sì ìkànnì kan, ohun tí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe ojú ìwé tó ti parí. Kóòdù ni: HTML tó ń sọ ohun tó wà nínú ojú ìwé náà, CSS tó ń sọ bí yóò ṣe rí lójú, àti JavaScript tó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kan. Apá tó ń ka àwọn kóòdù wọ̀nyí, tó ń ṣírò ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò jókòó sí, tó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde sójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ni à ń pè ní ẹ́ńjìnì. Gbogbo ohun yòókù, títí kan bọ́tìnì, àwọ̀, táàbù àti ibi tí à ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà sí, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ni wọ́n tò sí.

Orúkọ aṣàwákiri pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ńlá tó ṣẹ́kù ní ayé kò ju 3 lọ. Èkíní ni Blink, tó wà nínú Chrome, Edge, Opera, Brave, Vivaldi àti Samsung Internet. Èkejì ni WebKit ti Apple, tó wà nínú Safari. Ẹ̀kẹta ni Gecko ti Mozilla, tó wà nínú Firefox. Àwọn méjì àkọ́kọ́ tilẹ̀ jẹ́ ìbátan: láti ara KHTML, ẹ́ńjìnì kan tó jẹ́ iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ètò KDE, ni Apple ti mú WebKit jáde fún Safari ní ọdún 2003; orí WebKit yìí kan náà ni Google gbé Chrome lé ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ó yà á sọ́tọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, tó sì sọ ọ́ ní Blink. Ọdún 2013 yẹn náà ni Opera pa ẹ́ńjìnì tirẹ̀, Presto, tì. Microsoft, tó fi ẹ́ńjìnì tuntun bẹ̀rẹ̀ Edge ní ọdún 2015, kò lè bá a dọ́nà jìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ó gbé Edge tuntun jáde lórí Chromium, ìyẹn kóòdù tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé tí Google fi ń ṣe Chrome.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè pé "Chrome tàbí Edge tàbí Brave, èwo ló ń ṣí ìkànnì dáadáa jù?" kò fi ní ìdáhùn tó lérè. Bí ìgbà tí télọ̀ mẹ́ta bá gé aṣọ láti ara ìgàn kan náà ló rí: ọrùn àti apá lè yàtọ̀, àmọ́ bí àbùkù kan bá wà lára òwú tí wọ́n fi hun ún, kò sí èyí tí kò ní hàn lára rẹ̀ nínú wọn. Ojú ìwé tó bá rí wúruwùru nínú Chrome yóò rí bẹ́ẹ̀ gan-an nínú Edge. Ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn ni ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi kún un tàbí tó yọ kúrò: Brave ń dí ìpolówó àti àwọn atọpinpin (kóòdù tó ń ṣọ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí ìkànnì) láti ìbẹ̀rẹ̀, Vivaldi fún olùlò láyè láti tún gbogbo ìrísí rẹ̀ tò, Edge sì so mọ́ àwọn iṣẹ́ Microsoft tímọ́tímọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìyàtọ̀ tó dé ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wo Firefox tàbí Safari.

Ọ̀rọ̀ tún yí padà lórí iPhone. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin Apple ni pé aṣàwákiri èyíkéyìí tó bá fẹ́ wọ inú iPhone gbọ́dọ̀ lo WebKit. Èyí túmọ̀ sí pé Chrome orí iPhone kì í lo Blink, bẹ́ẹ̀ ni Firefox ibẹ̀ kì í lo Gecko. Àwọ̀ wọn ni wọ́n gbé wá, ẹ́ńjìnì Safari ló wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, pẹ̀lú iOS 17.4, ẹ̀dà kan nínú ètò tó ń darí iPhone, Apple fàyè gba ẹ́ńjìnì mìíràn ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nítorí òfin tuntun tí àjọ náà ṣe lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀dà tuntun Chrome ti mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ yá sí i, tí ó sì jẹ́ iPhone lẹ ń lò, ó ṣeé ṣe gan-an kí ìròyìn náà má kàn yín rárá.

Àwọn kan yóò ní, kí ló burú bí gbogbo ayé bá lo ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo? Ìtàn ti dáhùn. Ní ọdún 2001 ni Microsoft gbé Internet Explorer 6 jáde, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn Netscape, aṣàwákiri tó ń bá a díje, balẹ̀. Nígbà tí kò sí abánidíje tó lágbára mọ́, ọdún 5 gbáko ló kọjá kí ẹ̀dà 7 tó jáde ní ọdún 2006. Láàárín àkókò yẹn, àwọn tó ń kọ ìkànnì kọ ọ́ fún Internet Explorer nìkan, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń lo òmíràn yóò bá ìkànnì tó kọ̀ tí kò ṣí. Firefox, tó dìde láti inú kóòdù tí Netscape ṣí sílẹ̀ fún aráyé ní ọdún 1998, ló já ìdè náà. Lónìí, mo ń rí i tí àwọn ìkànnì kan tún ń kọ ọ́ sójú ìwé wọn pé Chrome ni kí ènìyàn lò, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ọ̀nà tí a ti gbà kọjá rí ni, a sì mọ ibi tó já sí.

Wàyí o, ìyára ńkọ́? Ìdánwò wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù lónìí ni Speedometer, tí àwọn oníṣẹ́ WebKit bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, ẹ̀dà 3.0 rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Apple, Google, Microsoft àti Mozilla ló sì jọ pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń ṣe bí ẹni pé olùlò kan ń tẹ bọ́tìnì, tó ń kọ nǹkan, tó sì ń pa nǹkan rẹ́ nínú àwọn áàpù orí ìkànnì, á wá ka àkókò tó gbà. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ti ran gbogbo wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Octane, ìdánwò tí Google ṣe ní ọdún 2012. Nígbà tó di ọdún 2017, Google fúnra rẹ̀ pa á tì, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ ẹ́ńjìnì ti ń tún kóòdù wọn ṣe kí wọ́n lè yege nínú ìdánwò náà, láìjẹ́ pé ó mú ìkànnì gidi yá sí i fún ẹnikẹ́ni. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun fi ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ju èkejì lọ nínú ìdánwò kan, ó lè jẹ́ òtítọ́, kí olùlò má sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ láé.

Ohun tí ìdánwò yìí kì í wọ̀n ni ibi tí àkókò wa ti ń lọ jù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ẹrù tí ìkànnì náà gbé lérí kò sí níbẹ̀. Ojú ìwé ìròyìn kan lè pe ìpolówó, fídíò àti àwọn atọpinpin láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà tó hàn. Aṣàwákiri tó bá kọ̀ láti gbé ìwọ̀nyí yóò dà bí èyí tó yára ju gbogbo wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú rẹ̀, yóò sì dín dátà kù. Opera Mini gba ọ̀nà mìíràn láti ọdún 2005: kọ̀ǹpútà Opera ló ń kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé náà, á fún un pọ̀ kó kéré, kó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù. Ó wúlò gan-an níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rọ̀, àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn wà láàárín yín àti ìkànnì náà.

Àṣìṣe kan tún wọ́pọ̀. Ẹni kan yóò fi aṣàwákiri tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí kọ̀ǹpútà wé èyí tó ti ń lò fún ọdún púpọ̀, tó kún fún àfikún (ìyẹn ètò kékeré tí à ń so mọ́ aṣàwákiri) àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún táàbù, yóò sì ní tuntun ló yára jù. Àfiwé tó tọ́ ni kí méjèèjì wà ní òfìfo, lórí ẹ̀rọ kan náà, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí ó sì jẹ́ àwọn ìkànnì tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ni ẹ óò ṣí.

Ẹ̀sùn pé Chrome ń jẹ mẹ́mọ́rì náà nílò àlàyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, àwọn olùwádìí fi hàn pé àlàfo kan tí wọ́n pè ní Spectre wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tó lè jẹ́ kí ìkànnì burúkú kan yọjú wo ohun tó wà nínú ìkànnì mìíràn tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti dí i, Chrome 67 bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìkànnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ sínú àyè tirẹ̀, Google sì sọ pé mẹ́mọ́rì tí èyí fi kún tó nǹkan bí ìdá 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Firefox ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2021. Nítorí náà, apá kan nínú mẹ́mọ́rì tí à ń ráhùn lé lórí yìí jẹ́ owó ààbò.

Ẹ jẹ́ ká wá wo owó. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ kan kó tó lo àwọn aṣàwákiri wọ̀nyí, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣẹ́ ló ń gba owó oṣù lórí wọn. Ìpolówó ni Google fi ń jẹun, Chrome sì jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí àwọn ènìyàn ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé tó jáde nínú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Google fi hàn pé ní ọdún 2022 nìkan, Google san 20 bílíọ̀nù dọ́là fún Apple kí ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí tó wà nínú Safari láti ìbẹ̀rẹ̀. Mozilla pẹ̀lú, tó jẹ́ ti àjọ tí kì í ṣe fún èrè, ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ láti ọwọ́ Google kan náà. Nínú ẹjọ́ yẹn, Adájọ́ Amit Mehta dájọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 pé Google ti rú òfin láti gba ọjà ìṣàwárí mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó kọ̀ láti pàṣẹ pé kí Google ta Chrome.

Ibi tí owó ti ń wá máa ń hàn nínú ohun tí ẹ̀dà tuntun gbé wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kúkì àwọn ilé-iṣẹ́ kẹta, ìyẹn àmì kékeré tí àwọn olùpolówó fi ń tọpa ènìyàn láti ìkànnì kan sí òmíràn. Safari dí gbogbo rẹ̀ pátápátá ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Firefox ti tìkùn mọ́ ti ìkànnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún gbogbo olùlò láti ọdún 2022. Chrome ṣèlérí ní oṣù Kìíní ọdún 2020 pé òun yóò mú un kúrò, ó sún ọjọ́ náà síwájú léraléra, ó sì yí ìpinnu náà padà ní ọdún 2024. Mi ò sọ pé ẹni ibi ni àwọn tó ń ṣe Chrome. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ààbò tó dára jù láyé ọwọ́ wọn ló ti jáde. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ìpolówó ń bọ́ kò lè yára gé ohun tí ìpolówó rọ̀ mọ́.

Bákan náà ni ti àfikún. Láyé àtijọ́, àfikún tó ń dí ìpolówó lè wo gbogbo ohun tí ojú ìwé kan fẹ́ gbé wá, kó sì dá èyí tí kò fẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ ìlànà tuntun tí Google pè ní Manifest V3, àfikún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún Chrome ní àkọsílẹ̀ òfin tó ní ìwọ̀n, kí Chrome fúnra rẹ̀ máa mú un lò. Google ní ààbò ni òun ń wá, nítorí pé àfikún tó lè rí ohun gbogbo lè jalè pẹ̀lú, ìyẹn sì lọ́gbọ́n nínú. Àbájáde rẹ̀ ni pé uBlock Origin, ọ̀kan nínú àwọn àfikún tó ń dí ìpolówó, kò ṣiṣẹ́ mọ́ nínú Chrome bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà tí agbára rẹ̀ kéré ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, nígbà tí Firefox ṣì ń gba ti àtijọ́ láyè. Fún ẹni tí irú àfikún yìí ṣe pàtàkì sí, ìyàtọ̀ yìí ju ìdánwò ìyára èyíkéyìí lọ.

Ní ti ìpò ìkọ̀kọ̀ (Incognito tàbí Private), kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín wọn: ó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí ẹ̀rọ yín, kò fi yín pa mọ́ fún ìkànnì tí ẹ ṣí tàbí fún ilé-iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí ẹ̀dà tuntun ń ṣe tí kì í sábà dé inú ìròyìn ni dídí àlàfo ààbò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀dà Chrome tàbí Firefox kan tí kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ nínú. Bí a bá ti dí àlàfo kan nínú Chromium, kóòdù àtúnṣe náà á wà ní gbangba, àwọn ọ̀daràn lè kà á kí wọ́n sì mọ ibi tí ihò náà wà. Láti ìgbà náà lọ, aṣàwákiri orí Chromium tó bá pẹ́ kó tó gba àtúnṣe yìí ti fi àwọn olùlò rẹ̀ síta. Ìbéèrè tó dára láti béèrè nípa aṣàwákiri kékeré tí ẹnì kan bá júwe fún yín ni ọjọ́ mélòó ló fi máa ń tẹ̀lé Chrome. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí ẹ̀dà tuntun bá tiẹ̀ ti wọlé fúnra rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyàfi bí ẹ bá ti aṣàwákiri náà pa, tí ẹ sì tún un ṣí; àwọn tó ń fi táàbù sílẹ̀ fún oṣù kan lè máa lo ẹ̀dà tó ní ihò láìmọ̀.

Àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn ti pẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Chrome 109, tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ni ẹ̀dà ìkẹyìn tó ṣiṣẹ́ lórí Windows 7 àti 8.1, Edge náà sì dúró síbẹ̀ kan náà. Mozilla yan ọ̀nà mìíràn: ó fi Firefox 115, tí ó jẹ́ ti àtìlẹ́yìn ọlọ́jọ́ pípẹ́, sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ó sì bá a lọ láti fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti ṣíwọ́. Fún ẹni tó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó kàn án nínú àríyànjiyàn lórí ẹ̀dà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kó ṣí ojú ìwé tó ń sọ nípa aṣàwákiri rẹ̀ nínú ètò rẹ̀, kó wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ àti ìgbà tó gba àtúnṣe kẹ́yìn, kó tó tún fi ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì rẹ̀ wọlé síbikíbi.